Ìdì Kẹfà Tó Ṣíwájú Ìkarùn-ún

Obìnrin kan wà tí àwọn ará àdúgbò sọ ní Abẹ́rẹ́-ò-sùn, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn. Mo ti rí aláìlèjókòó láyé mi, mo ti rí ẹni tó ń fi ìdí kan ṣoṣo kan àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè lórúkọ, ṣùgbọ́n n kò tíì rí irú rẹ̀. Ìdúró ló fi ń jẹun. Bó bá bu omi mu, yóò fọ ife, yóò dà á dé, yóò rìn dé ojú fèrèsé, yóò padà wá fọ ife kan náà. Nínú bọ́ọ̀sì, bí àga mẹ́wàá bá ṣófo, ọ̀pá irin ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni yóò dì mú. Lọ́jọ́ tí dókítà eyín ní kó jókòó kó la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà tẹ̀ lé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú lọ́wọ́, ibẹ̀ ló sì ti yọ eyín náà fún un lóòró. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó lọ bi eyín.

Ìdí iṣẹ́ nìkan ni ara rẹ̀ ti máa ń rọlẹ̀ díẹ̀. Adìwé ni. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí ojú ewé rẹ̀ ń jábọ́ bí eyín arúgbó, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Yóò tú u palẹ̀, yóò fi òwú àti abẹ́rẹ́ ran án padà, yóò fi lẹ́ẹ̀ sí i lẹ́yìn, yóò wá fi páálí tuntun bò ó. Ẹ fún obìnrin yẹn ní omi àti òwú, á ran omi mọ́ etí ife. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀, lábẹ́ ilé ìkàwé ìlú. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ìyẹn náà ga súnmọ́ àjà, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì lókè, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan lèèyàn ń rí níbẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń ran ìwé lábẹ́ fèrèsé yẹn. Kò sí ọjọ́ tí bàtà ọkùnrin kọjá tí ọrùn rẹ̀ kò yí.

Ọ̀rọ̀ ọrùn yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan títí, odò kún, afárá já, ọkọ̀ náà sì wọ inú omi lọ. Wọ́n fa ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n rí fìlà bàbá náà lẹ́yìn àga awakọ̀. Òun fúnra rẹ̀, wọn kò rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú fìlà náà wá sílé, igbe sọ, gbogbo ilé, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, títí dé ilé kẹta. Ọmọbìnrin náà nìkan ni kò ké. Ó lọ gbé bàtà dúdú tí bàbá rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ó tò ó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, imú rẹ̀ kọ sínú ilé, bí bàtà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà dòní, kò sí Sátidé kan tí kò kun bàtà yẹn ní pólíìṣì. Bàtà tí wọ́n ń kùn tí wọn kì í wọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò lè gbó. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta báyìí, bàtà náà ṣì ń dán bí ojú ọmọ tuntun.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, nínú ilé kan náà, yàrá méjì àti ilé ìdáná. Aṣọ ló ń lọ ní ilé ìfọṣọ nígbà tó lágbára, àpá áyọ́ọ̀nù gbígbóná kan sì fà láti ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń dán bí ọ̀nà tí ìgbín gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè kan, màmá yìí pe ọmọ rẹ̀ méjèèjì jọ: Abẹ́rẹ́-ò-sùn àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, onígbàjámọ̀, tó wà ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí afárá já.

Onígbàjámọ̀ ń gé èékánná ẹsẹ̀ fún màmá. Abẹ́rẹ́-ò-sùn ń nu fèrèsé tí kò dọ̀tí.

Màmá ní, “Agbẹ́-òkúta wá lánàá. Ó ti wọn òkúta tí wọn yóò gbé lé mi lórí. Ó ní àyè tó kù lábẹ́ orúkọ mi gba orúkọ ẹnì kan.”

“Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan míì,” ni Abẹ́rẹ́-ò-sùn wí.

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Nǹkan míì wo? Àádọ́ta ọdún la ti ń sọ nǹkan míì nínú ilé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan míì ti tán.”

“Ìwọ, èékánná ni kó o mójú tó. Ta ló rí òkú rẹ̀? Ìwọ rí i?”

“Èmi ò rí òkú rẹ̀, n ò sì rí i láàyè. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, òun náà ni mo sì ń kọsẹ̀ lára rẹ̀ bí mo bá ti ń wọlé.”

“Ẹ dákẹ́,” ni màmá wí, kò tilẹ̀ gbóhùn sókè. “Àkọ́bí ni ọ́. N ò ní fi ipá kọ orúkọ bàbá rẹ. Sátidé ni agbẹ́-òkúta máa bẹ̀rẹ̀, ohun tó bá sì ti gbẹ́, kò ṣe é pa rẹ́. Bó o bá ní rárá, á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Àmọ́ n ò fẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfìfo. Ẹsẹ̀ mi ti ń tutù láàárọ̀, ọmọ mi. Wá sọ fún mi kí Sátidé tó pé.”

Abẹ́rẹ́-ò-sùn ju àkísà tó fi ń nu fèrèsé sílẹ̀. Ó lọ sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó tún imú bàtà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ̀, ó sì lọ sílé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn, ibùdókọ̀ mẹ́rin, nítorí kò lè dúró de bọ́ọ̀sì.

Bí ayé bá fẹ́ fi ènìyàn ṣeré, kì í pẹ́. Ní àárọ̀ Túsìdeè, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀ka ìwé àwọn ọmọdé sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú páálí ńlá kan láyà.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Mo rí àwọn ìwé ògbólógbòó kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ya tán, àmọ́ àwọn ọmọ ń béèrè ìtàn alátẹ̀léra. Ẹ bá mi wò ó bóyá wọ́n ṣe é jí dìde.”

Abẹ́rẹ́-ò-sùn ṣí páálí. Ìwé méje ni, èèpo aláwọ̀ aró, àwòrán ọkọ̀ ojú omi kékeré kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: Àwọn Ọmọ Atukọ̀, ìkíní títí dé ìkeje. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Ogójì ọdún, èmi tí mo ń ròyìn yìí kò gbọ́ pé abẹ́rẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Gbogbo ọmọ ìgbà rẹ̀ ló mọ ìwé yẹn. Bàbá kan ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ènìyàn sọdá omi, ó sì bí ọmọ mẹ́ta: Olórí, Alárìnká àti Kékeré. Nínú ìwé kìíní wọ́n rí erékùṣù tí kò sí nínú máàpù. Nínú èkejì wọ́n fi olè pamọ́ láì mọ̀ pé olè ni. Nínú ẹ̀kẹta Kékeré sọnù sínú kùrukùru. Ẹ̀kẹrin, ìyẹn ló yá kà ní ilé ìkàwé yìí kan náà lóṣù tí afárá já. Kò ka ẹ̀karùn-ún rí. Wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó ní rárá. Ta ló tún ń wá ohun tó ti rí?

Lọ́jọ́ náà kò ran ohunkóhun. Ó ka ìwé kìíní lóòró, ó ka èkejì bó ṣe ń yí tábìlì po, ó ka ẹ̀kẹta pẹ̀lú èjìká lára ògiri. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti padà lọ wo ilé tí wọ́n ti tọ́ yín dàgbà, ẹ mọ ohun tó rí. Ohun gbogbo ti súnkì. Erékùṣù tó gba ọkàn rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ojú ewé méjì àbọ̀ ni. Olè tó bà á lẹ́rù tí kò fi lè lọ ilé ìyàgbẹ́ lóun nìkan, aláìsàn kan tó jí bọ́tìnnì ni. Olórí ńkọ́, tó máa ń fẹ́ jọ? Kò ṣe é fara dà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń pàṣẹ fún ìyá tó bí i! “Bí ìwọ bá jẹ́ ọmọ mi,” ni Abẹ́rẹ́-ò-sùn ń bá ìwé wí, “màá fà ọ́ létí.” Alárìnká, tí kò kà sí nígbà náà, tí kì í jókòó, tó ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè tí kì í dúró gbọ́ èsì, òun ló wá ń pa á lẹ́rìn-ín báyìí. Ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tó kan ẹ̀kẹrin, kò kà á. Ó gbé e sórí tábìlì, ó gbé e kúrò, ó gbé e padà. Níkẹyìn ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe òǹkàwé, adìwé lòun. Ó mú ọ̀bẹ tín-ín-rín, ó sì la ẹ̀yìn ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé ṣe ń di ìwé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orí igi ló ti ń so. Tákàdá ńlá kan ni wọ́n ń tẹ̀wé sí, wọn yóò ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, yóò di ojú ewé mẹ́rìndínlógún. Ìyẹn ni ìdì kan. Wọn yóò to ìdì kìíní lé èkejì, èkejì lé ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, adìwé yóò wá fi òwú kan náà ran gbogbo wọn pọ̀. Bí adìwé bá to ìdì gba òdì, ìtàn náà gba òdì nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ àfi ẹni tó bá wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Òwú aláwọ̀ ewé ló rí lẹ́yìn ìwé náà. Adìwé kan ṣoṣo ló ń lo òwú aláwọ̀ ewé ní gbogbo ìlú: ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó gé e. Ó ń to àwọn ìdì sílẹ̀ bó ṣe ń yọ wọ́n. Ìkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ẹ̀kẹfà. Ìkarùn-ún. Ìkeje, títí dé ìkọkànlá.

Ó kó wọn jọ, ó tún wọn tò. Ẹ̀kẹfà, ìkarùn-ún. Ó lọ fọ ojú. Nígbà tó dé, wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wà nínú ìdì kẹfà ni pé ìjì jà, ọkọ̀ bàbá dojú dé, wọn kò rí i, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sin ẹ̀wù òjò rẹ̀ sí abẹ́ igi. Ohun tó wà nínú ìkarùn-ún ni pé bàbá fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ń tún àjẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì wí pé, “Ta ló gbé ọ̀bẹ mi nínú ẹ̀yin ọmọ yìí?” Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu. Kékeré na ọ̀bẹ sí i. Bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ṣe kà á nìyẹn: wọ́n sin ẹ̀wù, wọ́n ṣí ojú ewé, bàbá ń béèrè ọ̀bẹ. Ó rò ó dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ọmọ olórí pípé. Bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí padà wá nítorí pé kò sí ẹni tó fi igbe lé e nínú ilé wọn. Ilé tòun ni wọ́n ti ké. Ìdí nìyẹn tí bàbá tòun fi ń pẹ́. Bí òun bá dákẹ́, tí òun kò sì jẹ́ kí ó ya òun lẹ́nu, yóò dé. Ní etí ojú ewé yẹn, ó bá ohun tí òun fúnra rẹ̀ fi lẹ́ẹ̀dì kọ lọ́mọdé pàdé, lẹ́tà gàgàrà-gàgàrà: KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ KÉ.

Kò sí ẹni tó padà wá nínú ìwé náà. Bàbá béèrè ọ̀bẹ, lẹ́yìn náà ló kú. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Ní Wẹ́sídeè, ó di ìwé náà sínú aṣọ, ó wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ilé ọ̀gá rẹ̀. Àgbàlagbà náà ti fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ pá kodoro, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì ń rùn lẹ́ẹ̀. Òun ló ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Àwọn Ọ̀gá, àwa tó kù kàn ń gbà fún un.

“Ọ̀gá, ẹ wo èyí.”

“Jókòó ná.”

“Ọ̀gá, ẹ kàn wò ó.”

Bàbá náà gbé awò ojú wọ̀, ó yẹ àwọn ìdì wò, ó fi òwú há eyín, ó fà á. “Òwú mi ni,” ni ó wí. “Ọwọ́ mi ni. Àṣìṣe mi kọ́.”

“Ta ló wá ni í?”

“Ológbò wà nílé iṣẹ́ nígbà náà.”

“Ológbò ló to ìdì?”

“O ò mọ ológbò yẹn. Ìwé tí mo ti dì ju irun orí mi lọ, n ò ṣàṣìṣe rí.”

“Ọ̀gá, ẹ ò nírun.”

“Mo ní i nígbà náà!” Ó yọ awò ojú. Ó tún wo ìwé náà, ó wá fi ìka gbá a. “Dúró. Àwọn Ọmọ Atukọ̀. Torí ìwé yìí ni obìnrin yẹn ṣe wá bá mi.”

“Obìnrin wo?”

“Obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó pọn ọmọ, kí ìwọ tó wá kọ́ṣẹ́ rárá, bóyá ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ó ní òun rí ìdì tó gba òdì nínú ìwé ilé ìkàwé. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo dì í. Mo rò pé ó wá fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní rárá, òun kò wá kí n tún un ṣe. Òun wá bẹ̀ mí kí n má tún un ṣe ni. Ó ní bí wọ́n bá gbé e padà wá bá mi, kí n jọ̀ọ́, kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó mi orí. “Gbogbo ìgbésí ayé mi, ẹnì kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí kí n má tún àṣìṣe ṣe. Àṣìṣe tí n ò tilẹ̀ ṣe.”

“Ẹ rántí ojú rẹ̀?”

“Ojú kẹ̀? Ọwọ́ ni mò ń wò lára ènìyàn. Iná ti jó ọwọ́ òsì rẹ̀, láti ibí dé ibí.” Ó fi hàn lára ọwọ́ tirẹ̀, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Abẹ́rẹ́-ò-sùn ti jáde kí ó tó sọ apá rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà sì wà lórí tábìlì, ó ní láti padà wá mú un.

Ní Tọ́sídeè kò lọ síbi kankan tó nítumọ̀. Ó lọ síbi iṣẹ́, ó jáde. Ó dé òpin àdúgbò ìyá rẹ̀, ó yí padà. Ó ra búrẹ́dì, ó gbàgbé rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Inú ń bí i, àmọ́ kò rí ẹni tí yóò bínú sí dáadáa. Bó bá mú ìyá rẹ̀, àánú á ṣe é. Bó bá mú ọ̀gá rẹ̀, ológbò ló máa ń rí. Ní Fúráídeè, nígbà tí oòrùn ọ̀sán kan orí, ó já wọ ilé ìyá rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ lọ bẹ adìwé.”

Màmá jókòó sí ẹ̀bá ibùsùn, ó ń ká aṣọ ìnura. Ó ká eléyìí tán kó tó fèsì. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Ẹni tí ẹ bẹ̀.”

“Ó ṣì wà láàyè? Ọkùnrin yẹn ga nínú ara rẹ̀.”

“Màmá!”

“Ọjọ́ mọ́kànlá lo kò fi jẹun,” ni màmá wí. “Mo kà á. Omi nìkan. Mo ti sọkọ nù, mo rò pé mo máa sọ ìwọ náà nù. Lọ́jọ́ kan o gbé ojú kúrò nínú ìwé, o ní, Màmá, búrẹ́dì wà? Mo gé e fún ọ, o jẹ ẹ́, o tún béèrè. Nígbà tó o sùn, mo gbé ìwé náà, mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tó ju ọbẹ̀ mi lọ. Mo bá ibi tí wọ́n ti sin ẹ̀wù. Mo bá ibi tí bàbá ti ń béèrè ọ̀bẹ. Mo rí ohun tó o kọ sí i. Mo wá wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Mo ní kí n jẹ́ kó o sanra díẹ̀. Kí n jẹ́ kí ìdánwò ilé ìwé kọjá. Kí àìsàn àbúrò rẹ lọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà dàgbà, ó ga jù mí lọ, n ò lè gbé e mọ́.”

“Àádọ́ta ọdún, Màmá! Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń wo ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lójú fèrèsé! N ò lè jókòó jẹun kí n má gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ọkùnrin méjì fẹ́ fẹ́ mi, n ò gbà láti kúrò ní ìlú yìí, nítorí bó bá dé ńkọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni màmá wí. Kò bu omi là á. “Ọwọ́ mi ni.”

Abẹ́rẹ́-ò-sùn rìn dé ilé ìdáná, ó rìn padà. Kò rí ìjà tó máa bá ẹni tó ti gbà jà.

Màmá wá gbé ojú sókè. “Jẹ́ kí èmi náà bi ọ́ léèrè kan. Adìwé ni ọ́. Nọ́ńbà ni iṣẹ́ rẹ. Ogójì ọdún lo ti wà lábẹ́ ilé ìkàwé yẹn, ìwé náà sì wà lókè orí rẹ, àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún péré. Kí ló dé tí o kò gòkè lọ wò ó?”

Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà yẹn ni Abẹ́rẹ́-ò-sùn jókòó. Kò wá àga, ilẹ̀ ló jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Ó ké. Igbe tí ó gbé mì lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ti wú nínú rẹ̀. Nígbà tó jáde, aládùúgbò ilé kẹta gbé orí sójú fèrèsé, bí wọ́n ṣe gbé e lọ́jọ́ tí fìlà dé. Màmá kò ní kó dákẹ́. Ó ń ká aṣọ ìnura.

Onígbàjámọ̀ sáré dé pẹ̀lú àpò ìgé-irun lọ́rùn, ó rò pé màmá ti kú. Nígbà tó rí i pé ó wà láàyè, inú bí i. “Ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú ìlàjì orí!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu imú, ó gbé bàtà náà sókè, ó nà án sí i. “Wọ̀ ọ́.”

“Èmi? Bàtà bàbá?”

“Wọ̀ ọ́, mo ní.”

Ó bọ́ tirẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò wọlé. Ó fi ṣíbí tì í, ìgigísẹ̀ dúró síta bí ẹni tó ń yọjú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó.

“Ṣé bí ẹsẹ̀ bàbá wa ṣe kéré tó nìyí?” ni onígbàjámọ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Mo máa ń rò pé ó tóbi.”

“Ó kéré,” ni màmá wí. “Ó máa ń fi òwú dí ihò imú bàtà kó má baà máa bọ́.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Abẹ́rẹ́-ò-sùn tètè dé ibi iṣẹ́. Ó to ìdì mọ́kànlá náà, ìkarùn-ún lẹ́yìn ìkẹrin, ẹ̀kẹfà lẹ́yìn ìkarùn-ún, ó fi òwú funfun ran wọ́n. Kò pa lẹ́ẹ̀dì etí ìwé rẹ́. Bí lẹ́ẹ̀ ṣe ń gbẹ, ó mú ìwé karùn-ún sínú báàgì, ó sì lọ sí ọgbà agbẹ́-òkúta.

Ọkùnrin náà ti gbé òkúta kalẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ màmá sí òkè rẹ̀ gàdàgbà, ó wá fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Eruku ti sọ irun ojú rẹ̀ di funfun.

“Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn. Ìròyìn wo lẹ mú wá? Ṣé kí n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo?”

“Rárá. Kọ orúkọ bàbá mi.” Ó pè é fún un, ó pe ọdún náà, ọdún tí afárá já. Agbẹ́-òkúta kọ ọ́ sórí bébà.

“Ó dáa. Orúkọ ìyá lókè, ti bàbá nísàlẹ̀.”

“Dúró.” Ó ti dìde, bí ó bá tilẹ̀ jókòó rárá. “Pa ṣọ́ọ̀kì yẹn rẹ́. Bàbá ni kó o kọ́kọ́ kọ. Òun ló ṣíwájú. Ìyá mi ṣì ń jẹ búrẹ́dì nílé.”

“Màmá, mo ti wọn lẹ́tà tán o! Ìsàlẹ̀ náà dára, kò sẹ́ni tó máa wo—”

“Èmi ni mo ń sọ fún ọ pé wọ́n á wò ó,” ni Abẹ́rẹ́-ò-sùn wí. “Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni kó o ṣe tò ó.”

Ó dúró tì í títí tó fi fi aṣọ tútù pa ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́, ó dúró tì í títí òòlù fi bà lé lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹnì kan kọjá níta ọgbà, bàtà ọkùnrin. Ọrùn rẹ̀ yí. Ó fi ọwọ́ gbá a mú, bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, ó sì yí i padà sí òkúta.

Nígbà tó délé ìyá rẹ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ti ṣófo, àbúrò rẹ̀ ti gbé bàtà náà kúrò, àmì bàtà méjì wà lórí pákó níbi tí oòrùn kò ti dé rí. Ó fo ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

“Ó ti bẹ̀rẹ̀, Màmá. Bàbá ló fi ṣíwájú.”

Màmá mi orí, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀. “Kí ló wà nínú báàgì yẹn?”

“Ẹ̀karùn-ún. Èyí tí n ò kà.”

“Kà á sókè. Ojú mi ò gbà á mọ́.”

Ó ṣí i. Gbólóhùn àkọ́kọ́ wí pé, “Láti ìgbà tí bàbá ti kú, Olórí ló ń tukọ̀, Alárìnká ló sì ń wo ojú ọ̀run.” Ó kà á, ó tún un kà. Ó ń kà á bó ṣe ń lọ sójú fèrèsé, ó ń kà á bó ṣe ń dé ilé ìdáná, ó ka ojú ewé kejì níbi tó ti ń da omi sínú ife.

“Ọmọ yìí,” ni màmá ké láti orí ibùsùn, “ìlàjì ìtàn ni mò ń gbọ́! Olórí ti wọkọ̀, ibo ló lọ? Wá dúró lójú kan!”

Abẹ́rẹ́-ò-sùn padà wá. Ó wo àga, ó wo ibùsùn. Ó fi ìdí kan ṣoṣo kan etí ibùsùn náà, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ó wo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ewé kó lè dá a lójú, ó sì ń kà á lọ.